Léèsì Funfun, Awọ Ara Dúdú: Àgbéyẹ̀wò Hísítógíráàmù Kámẹ́rà

Léèsì funfun ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Ọjọ́ Sátidé kan ni, ní Ìbàdàn, oòrùn ti dé àtàrí. Ìyá ìyàwó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó wọ léèsì funfun oníhò wínníwínní, ó wé gèlè funfun, awọ ara rẹ̀ sì dúdú bíi kóró iṣin. Mo ya màmá náà ní nǹkan bí ìgbà ogójì. Mo wo ojú kámẹ́rà, gbogbo rẹ̀ dára lójú mi. Nígbà tí mo délé tí mo kó wọn sínú kọ̀ǹpútà, léèsì ti di funfun pẹlẹbẹ, bíi pé bébà ni màmá wé mọ́ra. Kò sí ihò, kò sí òdòdó tí wọ́n fi òwú kọ sí i lára. Mo dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù nínú kọ̀ǹpútà, funfun náà di eérú, ihò léèsì kò padà. Màmá kò bá mi jà. Ó kàn bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé kámẹ́rà rẹ ò rí léèsì mi ni?"

Kámẹ́rà rí i. Nígbà tí mo padà lọ wo àwọn fọ́tò náà lójú kámẹ́rà, mo rí àwòrán kékeré kan ní igun, òkìtì kan tó ti fẹ̀yìn ti ògiri ọwọ́ ọ̀tún pinpin. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń ya màmá náà ni òkìtì yẹn ń kìlọ̀ fún mi. Mi ò kà á sí, torí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kà á. Ọ̀pọ̀ onífọ́tò tí mo mọ̀ ló ṣì wà bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọ lẹ́ńsì, wọ́n mọ fíláàṣì, ṣùgbọ́n wọ́n ti pa òkìtì inú igun yẹn kó má baà dí wọn lójú.

Hísítógíráàmù ni orúkọ rẹ̀. Àwọn onífọ́tò kọ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Karl Pearson, onímọ̀ ìṣirò ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ló lo ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé rẹ̀ ní 1895, fún irú àwòrán tó ń fi hàn bí nǹkan ṣe pọ̀ tó ní ìsọ̀rí ìsọ̀rí. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú kámẹ́rà kò le. Ẹ wò ó bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà. Ó to igbá 256 sílẹ̀ lórí ìlà kan. Igbá tó wà lápá òsì pátápátá, nọ́ńbà 0, jẹ́ ti dúdú kirikiri. Èyí tó wà lápá ọ̀tún pátápátá, nọ́ńbà 255, jẹ́ ti funfun báláú. Àwọn tó wà láàárín ń mọ́lẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ láti òsì lọ sí ọ̀tún. Fọ́tò kan lè ní 24 mílíọ̀nù ẹyọ kéékèèké. Kámẹ́rà ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ju oníkálukú sínú igbá tó bá a mu. Ibi tí ẹyọ bá pọ̀ sí, òkìtì a ga níbẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Igbá méjì tó wà ní ìpẹ̀kun ló yẹ kí á máa ṣọ́. Ẹyọ tó bá wà nínú igbá 240 ṣì lè sọ fún wa pé òun mọ́lẹ̀ ju aládùúgbò òun tó wà nínú 235 lọ, ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ ló sì ń jẹ́ kí á rí òwú léèsì. Nígbà tí òwú àti ẹ̀bá ihò bá jọ bọ́ sínú 255, wọn ò ní ìyàtọ̀ mọ́, kò sì sí ètò kọ̀ǹpútà tó lè pín wọn níyà nínú fọ́tò JPEG, irú èyí tí kámẹ́rà ti ṣe parí. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú igbá 0 fún fìlà dúdú tàbí irun. Hísítógíráàmù kì í wòran, kíkà ló ń kà. Kò mọ ìyàwó yàtọ̀ sí àga tó jókòó lé. Kò mọ̀ bóyá orí aṣọ ni funfun tó sọnù wà tàbí ojú ọ̀run. Nítorí náà, ẹni tó bá bi í pé "Ṣé fọ́tò yìí dára?" ti bi í ní ohun tí kò mọ̀. Ohun tó mọ̀, tí kò sì ní parọ́ rẹ̀, ni iye ohun tó sọnù. Lójú tèmi, bí wọ́n ṣe ń fi í dá fọ́tò lẹ́jọ́ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí ti ṣìnà.

Kí ló dé tí a ò kàn fi ojú wa wo fọ́tò lójú kámẹ́rà? Nítorí pé ojú wa máa ń bá ibi tó bá wà mu. Lábẹ́ oòrùn, ojú kámẹ́rà máa ń ṣú, a ó rò pé fọ́tò ò mọ́lẹ̀ tó, a ó fi ìmọ́lẹ̀ kún un, aṣọ a sì bà jẹ́. Nínú gbọ̀ngàn alẹ́, ojú kámẹ́rà kan náà á máa tàn bí àtùpà, fọ́tò tó ṣókùnkùn á dára lójú wa, a ó délé ká tó rí i pé ojú àwọn àlejò kò hàn. Oòrùn kì í yí òkìtì hísítógíráàmù padà, iná gbọ̀ngàn náà kì í yí i padà. Bí ó bá jẹ́ àǹfààní yìí nìkan ló ní, ó tó kí á máa wò ó.

Ṣùgbọ́n ohun tó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ wà nínú bí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ṣe ń wọn ìmọ́lẹ̀. Ìgbàgbọ́ kan ṣoṣo ni ohun ìwọnmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ gbé dání wá: pé bí a bá po gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀ pọ̀, eérú kan báyìí ni yóò jẹ́, èyí tí wọ́n sábà máa ń fi wé ohun tó ń dá ìdá 18 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà. Yorùbá ti ní gbólóhùn fún àwọ̀ bẹ́ẹ̀ bí a bá ń ṣàpèjúwe ènìyàn: kò dúdú, kò pupa. Ohun tí kámẹ́rà ń wá kiri ayé nìyẹn. Gbé e síwájú àwọn Ẹ̀yọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí funfun bo orí títí dé ilẹ̀, yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò dín in kù, agbádá Ẹ̀yọ̀ á sì jáde bí aṣọ tí wọn ò fọ̀ mọ́. Gbé e sún mọ́ ojú adúláwọ̀ kan títí tí ojú náà á fi kún fọ́tò, yóò rò pé ilẹ̀ ṣú, yóò fi ìmọ́lẹ̀ kún un títí dúdú á fi di àwọ̀ burẹ́dì. Àwọn kámẹ́rà tuntun gbọ́n ju èyí lọ, wọ́n ń dá ojú ènìyàn mọ̀, wọ́n ń fi ohun tí wọ́n rí wé oríṣiríṣi àpẹẹrẹ. Síbẹ̀, ìpìlẹ̀ náà kò tíì kúrò níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí bọ́tìnnì àfikún àti àyọkúrò fi wà lára wọn. Ẹ̀kan tí a bá fi kún un jẹ́ ìlọ́po méjì ìmọ́lẹ̀, ẹ̀kan tí a bá yọ jẹ́ ìdajì. Sítọ́ọ̀pù kan ni àwọn onífọ́tò ń pè é.

Òde tiwa ló wá da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Léèsì funfun àti awọ dúdú wà lára ènìyàn kan ṣoṣo, lábẹ́ oòrùn tó dúró lórí gan-an tó ń fi òjìji dí ihò ojú. Kámẹ́rà rí funfun tó pọ̀, ó dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú ìyàwó ṣókùnkùn. Onífọ́tò fi ìmọ́lẹ̀ kún un kí ojú lè hàn, aṣọ jóná. Lórí hísítógíráàmù, òkìtì méjì lèèyàn máa ń rí níbẹ̀: ọ̀kan lápá òsì, ti awọ àti irun, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ti aṣọ, àfonífojì sì wà láàárín wọn, níbi tí kámẹ́rà ti rò pé ayé wà. Ẹni tí wọ́n kọ́ pé òkìtì rere gbọ́dọ̀ dúró láàárín bí òkè kan ṣoṣo yóò rò pé òun ti ṣe àṣìṣe. Kò ṣe àṣìṣe kankan. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló yà.

Kí hísítógíráàmù tó dé, àwọn àgbà iṣẹ́ yìí ti ń bá ìṣòro kan náà jà. Ní nǹkan bí 1939 sí 1940, Ansel Adams àti Fred Archer, tí wọ́n ń kọ́ni ní Los Angeles, pín ìmọ́lẹ̀ sí ìpele láti 0 dé 10, ìpele 5 sì jẹ́ eérú àárín. Ohun tí wọ́n fi kọ́ni ni pé kí onífọ́tò pinnu ìpele tí òun fẹ́ kí nǹkan kan bọ́ sí, kó tó tẹ kámẹ́rà. Mo rò pé ìmọ̀ràn yẹn ṣì dára ju ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ti kọ nípa hísítógíráàmù lọ, nítorí ó fi ìpinnu sọ́wọ́ ènìyàn. Lẹ́yìn èyí, àwọn onífọ́tò ńlá máa ń fi Polaroid, fọ́tò ojú ẹsẹ̀, ya àyẹ̀wò kí wọ́n tó fi fíìmù gidi ya iṣẹ́. Fíìmù nẹ́gẹ́tíìfù sì ní ìwà tirẹ̀: ó lè gba ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù láì bàjẹ́ tán, òkùnkùn ni kì í gbà. Àwọn bàbá onífọ́tò wa mọ èyí, wọ́n máa ń fi ìmọ́lẹ̀ lé e díẹ̀. Sẹ́ńsọ̀, ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà òde òní, ti yí i padà bìrí. Ó ń fara da òkùnkùn, a lè fa nǹkan jáde láti inú rẹ̀, ṣùgbọ́n funfun tó bá ti kọjá ògiri lọ, ó lọ nìyẹn. Ẹni tó bá gbé ìwà fíìmù wọ inú kámẹ́rà ayé òde òní yóò máa sun aṣọ níná.

Àwòrán J.D. 'Okhai Ojeikere ni mo máa ń fi kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Láti 1968 ló ti ń ya irun àwọn obìnrin Nàìjíríà ní fọ́tò dúdú àti funfun, ó sì ń ṣe é títí tó fi di àgbà. 2014 ló kú. Irun dúdú lórí awọ dúdú ni, síbẹ̀ èèyàn ń rí ojú òwú lára irun kíkó, ó ń rí ìlà tó wà láàárín irun kan sí èkejì. Bí a bá kà wọ́n sínú igbá 256 wa, apá òsì ni ọ̀pọ̀ ẹyọ irun náà yóò wà, wọn ò sì sọnù. Apá òsì fẹ̀ gan-an. Ayé wà níbẹ̀.

Àwọn tó ṣe fíìmù kò fi bẹ́ẹ̀ ro ayé yẹn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Kodak ń pín káàdì kan fún àwọn ilé ìfọfọ́tò láti fi yẹ ẹ̀rọ wọn wò, obìnrin òyìnbó kan ló wà lórí rẹ̀, Shirley ni wọ́n sì ń pe káàdì náà. Bí awọ Shirley bá ti dára, ẹ̀rọ dára nìyẹn. Lorna Roth, ti Yunifásítì Concordia ní Kánádà, kọ ìtàn káàdì yìí ní 2009, ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé àwọn tó ń ta ṣokoléètì àti àwọn tó ń ṣe àga onígi wà lára àwọn tí ẹ̀hónú wọn mú kí Kodak tún fíìmù rẹ̀ ṣe kó lè ya àwọ̀ ilẹ̀ dáadáa. Igi àti ṣokoléètì ni wọ́n gbọ́ tiwọn. Ní 2022, Google gbé ìwọ̀n àwọ̀ ara kan jáde pẹ̀lú Ellis Monk, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard, ó ní ìpele 10. Ó dára, àmọ́ ohun ìwọnmọ́lẹ̀ inú kámẹ́rà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé kọ́rùn ṣì ń wá kò dúdú kò pupa.

Àríyànjiyàn tó tóbi jù lórí hísítógíráàmù bẹ̀rẹ̀ ní 2003, nígbà tí Michael Reichmann, onífọ́tò ará Kánádà, kọ àròkọ kan lẹ́yìn ìjíròrò òun àti Thomas Knoll, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Photoshop sílẹ̀. Ìmọ̀ràn rẹ̀ kò gùn: ẹ ti òkìtì náà sápá ọ̀tún títí tó bá kù díẹ̀ kó kan ògiri, nígbà tí ẹ bá délé, ẹ fi kọ̀ǹpútà fà á padà síbi tó yẹ. Ìṣirò ló fi gbè é lẹ́yìn. Sẹ́ńsọ̀ tó ń kọ ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ ní ìpele 4,096 kì í pín wọn dọ́gba. Sítọ́ọ̀pù tó mọ́lẹ̀ jù ń kó 2,048, ìdajì gbogbo rẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e ń kó 1,024, lẹ́yìn náà 512, lẹ́yìn náà 256. Ẹni tó bá fi apá ọ̀tún sílẹ̀ lófìfo, ó ní, ti da ìdajì oúnjẹ rẹ̀ nù.

Ìmọ̀ràn náà tọ̀nà, ìdí tó fún un ni kò péye. Ní 2008, Emil Martinec, onímọ̀ físíìsì ní Yunifásítì Chicago, tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Ó fi hàn pé iye ìpele kọ́ ló ń mú fọ́tò mọ́ tónítóní, iye ìmọ́lẹ̀ tí sẹ́ńsọ̀ gbà ni. Ìmọ́lẹ̀ máa ń dé bí òjò, ẹ̀kán ẹ̀kán. Ẹ gbé kọ́ọ̀bù méjì síta nígbà tí òjò ń fún wẹliwẹli, agbára káká ni wọ́n fi máa gba iye ẹ̀kán kan náà. Bí ìpíndọ́gba bá jẹ́ ẹ̀kán 100, ìyàtọ̀ yóò tó nǹkan bí 10, ìyẹn ìdá 10 nínú 100. Bó bá jẹ́ 10,000, ìyàtọ̀ yóò tó 100, ìyẹn ìdá 1 péré nínú 100. Ìyàtọ̀ yìí ni kóró wínníwínní tí a ń pè ní nọ́ìsì, tó máa ń bo ojú ènìyàn nínú fọ́tò alẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ ń bò ó mọ́lẹ̀.

Ohun kan tó ti inú èyí jáde ṣe pàtàkì fún wa, àwọn tó ń kọ́ni kì í sì í sọ ọ́ tó. Ẹni tó bá gbé ISO, ìyẹn ohun tó ń sọ àmì inú sẹ́ńsọ̀ di ńlá, sókè kí òkìtì lè sún sápá ọ̀tún kò tíì gba ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ kankan kún un. Ó kàn pariwo ohun tó gbọ́ ni. Ihò lẹ́ńsì tó ṣí sí i, ilẹ̀kùn inú kámẹ́rà tó ṣí pẹ́ díẹ̀ kó tó tì, tàbí iná tí a gbé wá, àwọn nìkan ló ń mú ìmọ́lẹ̀ wá. Nítorí náà, títi òkìtì sápá ọ̀tún dára fún ohun tó dúró jẹ́ẹ́: Òkè Olúmọ ní kùtùkùtù, ère, ọjà tí a fẹ́ tà. Ó dára fún ẹni tó ń ya RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì ṣe sí JPEG, tó sì ní àkókò. Ní òde ìgbéyàwó, níbi tí ìyàwó ti ń jó wọlé, tí ẹni tó ń náwó ń sáré bọ̀, tí ìkùukùu ń bo oòrùn tó sì ń ṣí i, mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó máa fún ara ògiri rìn. Ẹ fi ìdá mẹ́ta sítọ́ọ̀pù kan sílẹ̀, tàbí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Nọ́ìsì díẹ̀ ṣe é wẹ̀. Léèsì tó sọnù kò ṣe é wá.

Fóònù ti gba ọ̀nà mìíràn, ó sì yẹ kí á kíyè sí i. Ètò HDR+ ti Google, bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ ṣe é, máa ń ya ọ̀pọ̀ fọ́tò kíákíá tí ìmọ́lẹ̀ gbogbo wọn kéré kí funfun má baà sọnù, yóò wá pa wọ́n pọ̀ di ọ̀kan kí nọ́ìsì lè rọlẹ̀, kó tó gbé ibi tó ṣókùnkùn sókè. Apá òsì ló gbà lọ, ó fi iye ẹ̀kán tó kó jọ san án padà. Ìdí nìyẹn tí fóònù kékeré fi máa ń dáàbò bo léèsì ju kámẹ́rà ńlá tó wà lọ́wọ́ ẹni tí kò wo òkìtì rẹ̀.

Mo wá dé ibi tí mo gbà pé ó ń pa àwọn onífọ́tò òde wa lára jù. Oríṣi hísítógíráàmù méjì ló wà nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà: aláwọ̀ funfun kan ṣoṣo, àti aláwọ̀ mẹ́ta, pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. Èyí tó jẹ́ ẹyọ kan ló sábà máa ń wà ní ṣíṣí. Bó ṣe ń ṣe é ni pé ó ń po àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ojú ènìyàn ṣe ń mọ̀ wọ́n lára: nínú ìṣirò tí wọ́n sábà ń lò, àwọ̀ ewé ń gba ìdá 59 nínú 100, pupa 30, búlúù 11 péré. Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Iná búlúù tó kún dé 255, tí kò ní pupa tàbí àwọ̀ ewé nínú rárá, yóò hàn nínú hísítógíráàmù ẹlẹ́yọ kan yìí ní igbá 28, lápá òsì, nítòsí òkùnkùn! Pupa tó kún yóò wà ní igbá 76. Onífọ́tò á wo apá ọ̀tún, á rí i pé ó ṣófo, á ní kò sí ewu, nígbà tí àwọ̀ kan ti jóná tán.

Ta ni kò mọ iná búlúù àti iná elésè àlùkò tí wọ́n ń tàn sórí ìtàgé níbi ayẹyẹ ní ìsinsìnyí? Wọ́n máa ń fi àpá búlúù pẹlẹbẹ sílẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́ olórin, bíi pé wọ́n fi ọ̀dà kùn ún, hísítógíráàmù ẹlẹ́yọ kan kò sì ní sọ nǹkan kan. Kánópì pupa ńkọ́? Oòrùn ń gba ara rẹ̀ kọjá, ó ń sọ gbogbo àlejò abẹ́ rẹ̀ di elépo. Aṣọ òkè àlàárì tó pupa dáadáa ń pàdánù ìlà híhun rẹ̀, tí iye ìmọ́lẹ̀ gbogbo fọ́tò sì dà bíi pé ó tọ́. Mo ti rí àdìrẹ ẹlẹ́kọ lábẹ́ iná LED tó di búlúù kan ṣáá, tí àmì tí aládìrẹ fi ìyẹ́ àti ẹ̀kọ yà sí i lára kò hàn mọ́. Ẹ ṣí aláwọ̀ mẹ́ta. Bí kámẹ́rà yín bá ní in, kò sí ìdí kankan láti máa wo ẹlẹ́yọ kan.

Òtítọ́ mìíràn tún wà, ti àwọn tó ń ya RAW. Hísítógíráàmù tí kámẹ́rà ń fi hàn, láti ara JPEG kékeré tó ṣe fún ara rẹ̀ ló ti ń kà á, ìyẹn lẹ́yìn tó ti fi ètò àwọ̀ àti ti funfun sí i. Ohun tó wà nínú RAW sábà máa ń ní àyè díẹ̀ sí i lókè kó tó kan ògiri. Àwọn kan ti gbìyànjú láti rí òótọ́ rẹ̀: wọ́n ń fi ọgbọ́n kan tí wọ́n ń pè ní UniWB tan kámẹ́rà, fọ́tò á sì máa hàn bí ewé tútù lójú rẹ̀, Leica M Monochrom ti 2012 ń ka RAW fúnra rẹ̀, ètò RawDigger sì ń kà á lórí kọ̀ǹpútà. Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òde, mo ka UniWB sí wàhálà tí kò tó èrè, torí oníbàárà á fẹ́ wo fọ́tò lójú kámẹ́rà, kò sì yẹ kó bá ara rẹ̀ níbẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Ẹ fi ètò àwọ̀ sí èyí tó pẹ̀lẹ́ jù, ẹ wá fi ọ̀sán kan dán kámẹ́rà yín wò. Ẹ sá léèsì funfun sínú oòrùn, ẹ máa fi ìdá mẹ́ta sítọ́ọ̀pù kún un lẹ́sẹẹsẹ, kí ẹ wo èyí tí kọ̀ǹpútà ò lè rà padà mọ́. Ẹ ó mọ iye àyè tí ẹ ní ju ohun tí òkìtì ń sọ lọ.

Ìwà kan wà tó ti gbilẹ̀ láàárín wa tí mi ò lè gbójú fò. Onífọ́tò á ya adúmáadán, á fi ìmọ́lẹ̀ bò ó, àtúnṣe kọ̀ǹpútà á fi kún un, ẹni náà á sì jáde bí ẹni tó bóra. Wọ́n ń pè é ní fọ́tò tó mọ́. Yorùbá kò pe dúdú tó rẹwà ní "dúdú" lásán, adúmáadán la pè é, ó dúdú ó sì ń dán, ọ̀rọ̀ kan náà ló gbé òkùnkùn àti ìmọ́lẹ̀ pọ̀. Robert Farris Thompson, tó ṣèwádìí lọ́dọ̀ àwọn Yorùbá lórí bí wọ́n ṣe ń dá iṣẹ́ ọnà lẹ́jọ́, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1973, rí i pé dídán wà lára ohun tí wọ́n ń wò lára ère. Lórí hísítógíráàmù, adúmáadán ní ìrísí tirẹ̀: òkìtì fífẹ̀ lápá òsì àárín, àti ìrù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó nà lọ sápá ọ̀tún, ìyẹn dídán iwájú orí, ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ti èjìká. Bí ṣóńṣó ìrù náà bá kan ògiri, kò burú, dídán ni. Bí òkìtì fúnra rẹ̀ bá ti ṣí kúrò níbẹ̀ lọ sí àárín, ẹni tí a yà kọ́ ló wà nínú fọ́tò mọ́.

Ẹ wo fíìmù Mother of George tí Andrew Dosunmu darí ní 2013, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìgbéyàwó Yorùbá ní Brooklyn. Bradford Young ló yà á, ó sì gba ẹ̀bùn iṣẹ́ kámẹ́rà ní Sundance lọ́dún náà. Fíìmù yẹn ṣókùnkùn, awọ àwọn òṣèré jinlẹ̀ bí odò, aṣọ wọn sì ń tàn lára wọn. Ẹni tó bá ń wá òkè tó dúró láàárín yóò ní ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò tó. Lójú mi, ó wà lára àwọn àwòrán tó pọ́n awọ ara wa lé jù.

Ọ̀nà tí mo ń gbà ṣiṣẹ́ báyìí kò gùn. Kí n tó ya ẹnikẹ́ni, mo máa ń bi ara mi ohun tí kò gbọdọ̀ sọnù. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó, ojú ni àti aṣọ, àwọn méjèèjì. Stephen Sprague, tó kọ ìwádìí lórí àwọn onífọ́tò Yorùbá sínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts ní 1978, ti ṣàkíyèsí bí àwọn àgbà ṣe ń jókòó kojú kámẹ́rà nínú aṣọ wọn tó dára jù, tí wọ́n tẹ́ ẹ kalẹ̀ kó hàn. Ẹni tó ra aṣọ yẹn fẹ́ kí ọmọ-ọmọ òun rí i. Nítorí náà, aṣọ ni mo fi ń díwọ̀n ògiri ọ̀tún, mo sì ń fi fíláàṣì tàbí bọ́ọ̀dù funfun gbé ojú sókè, torí ojú ló ṣe é tan iná sí. Níbi tí kò bá ti sí iná, mo máa ń mú wọn wọ abẹ́ òjìji ilé, òkìtì méjì náà á sún mọ́ ara wọn. Mo ń ṣí ohun tó ń mú kí ibi tó sọnù máa ṣẹ́jú lójú kámẹ́rà, torí ìyẹn ló ń sọ ibi tí hísítógíráàmù kò lè sọ. Bí ojú ọ̀run bá ń ṣẹ́jú, mo lè fi í sílẹ̀. Bí gèlè bá ń ṣẹ́jú, mo tún un yà. Nígbà ọyẹ́, tí eruku bá ti sọ gbogbo ayé di eérú, òkìtì máa ń há sáàárín ni, mi ò sì ń fẹ̀ ẹ́ tipátipá. Bí ọyẹ́ ṣe rí nìyẹn. Fóònù náà kò yọ ara rẹ̀ sílẹ̀: Open Camera, ọ̀fẹ́ ni lórí Android, ó sì lè fi òkìtì hàn kí èèyàn tó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ní ọmọ iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n gbé kámẹ́rà lọ sóde ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹ ṣí hísítógíráàmù aláwọ̀ mẹ́ta fún wọn, ẹ mú ẹnì kan tó dúdú wọ léèsì funfun síwájú wọn nínú oòrùn, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ìka tọ́ka sí òkìtì tó jẹ́ ti aṣọ àti èyí tó jẹ́ ti awọ.